Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Bi Ẹni Tí Ó Ń Du Ipò Alága

Bí àsìkò ìbò ìjọba ìbílẹ̀ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ ní ìlú Òṣogbo, kò sí ẹni tí ó ń gbé Òkè Baálẹ̀ tí ó tún nílò aago láti jí i lórí ibùsùn. Ariwo gbohùngbohùn tí a so mọ́ òrùlé ọkọ̀ ni yóò jí i, ìlù ni yóò sì mú un dé ẹnu ọ̀nà. Àwòrán àwọn olùdíje yóò wà lára ògiri gbogbo, ẹ̀rín yóò sì wà lẹ́nu àwòrán gbogbo. Olùdíje yóò ṣe ìlérí omi, yóò ṣe ìlérí títì, yóò ṣe ìlérí iná mànàmáná. Òmíràn a tilẹ̀ ṣe ìlérí pé òun yóò sọ omi odò Òṣun di mímọ́ gaara gẹ́gẹ́ bí ó ti rí láyé àwọn baba wa. Àwọn ènìyàn a pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni olúkúlùkù yóò padà sí ìdí ọjà rẹ̀, tí yóò sì gbé ẹsẹ̀ sókè kọjá gọ́tà kan náà tí ó ti dí láti èṣí.

Ẹ̀yin ònkàwé wa ọ̀wọ́n, àwa kò jókòó kọ ìwé yìí láti polongo ìbò fún ẹgbẹ́ kankan, bẹ́ẹ̀ ni a kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ sọ. Ìlérí ńláńlá kọ́ ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn olùdíje. Iṣẹ́ tí òfin fi lé àga tí ó ń dù lọ́wọ́ ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ àga kò ní mọ ohun tí yóò bi ẹni tí ó fẹ́ jókòó lé e. Bí a kò bá sì mọ ohun tí a ó bi í, ẹni tí ó mọ orin kọ jù lọ ni yóò máa jẹ alága lé wa lórí.

A fi Òkè Baálẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ nítorí pé ibẹ̀ ni ọ́físì ìjọba ìbílẹ̀ Òṣogbo wà. Ìjọba ìbílẹ̀ méjì ni ó pín ìgboro Òṣogbo mọ́ra wọn lọ́wọ́, èkíní ni Òṣogbo, èkejì ni Ọlọ́runda. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 156,694 ni a kà ní ti Òṣogbo, 131,761 ni a sì kà ní ti Ọlọ́runda. Láti ìgbà náà ni ilé ti ń pọ̀ sí i, nítorí láti ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, tí a dá Ìpínlẹ̀ Òṣun sílẹ̀ tí Òṣogbo sì di olú-ìlú rẹ̀, ni àwọn òṣìṣẹ́ àti oníṣòwò ti ń wọ́ wá láti ìlú gbogbo. Ènìyàn pọ̀, pàǹtí pọ̀, ọkọ̀ pọ̀; ojú àgbàrá kò fẹ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìlérí àwọn olùdíje ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a wo àga tí olúkúlùkù wọn tọ́ sí.

Ti odò Òṣun ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 2018 ni àwọn ará ìlú ti ń kígbe pé omi náà ti yí àwọ̀ padà, pé ó ń ru bí omi ẹrẹ̀. Àwọn tí ń wa wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, lápá òkè odò, ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń dá lẹ́bi. Nígbà tí ọdún Òṣun ọdún 2022 ń bọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn tí ó wá bọ Òṣun pé kí wọ́n má mu omi rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí fún ìlú tí ó ń pe odò náà ní ìyá. Ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi ohun àlùmọ́nì gbogbo sí abẹ́ àṣẹ ìjọba àpapọ̀ ní Abuja. Alága Òkè Baálẹ̀ kò lè fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ ìwakùsà, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó lè kígbe, ó lè kọ ìwé, ó lè kó àwọn alága ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà jọ kí wọ́n fi ohùn kan sọ̀rọ̀. Bí olùdíje bá sọ báyìí fún wa, ọmọlúwàbí ni. Bí ó bá ní òun nìkan yóò fi ọwọ́ ara òun fọ odò Òṣun mọ́, ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀rín dá a lóhùn.

Ti omi ẹ̀rọ ni ó tẹ̀lé e. Omi tí ó yẹ kí ó máa ṣàn nínú ẹ̀rọ ní Òṣogbo, láti odò Ẹrinlẹ̀ lápá Ẹdẹ ni a ti ń fà á wá, iléeṣẹ́ omi ti ìpínlẹ̀ ni ó sì ni iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó ń du ipò gómìnà ni ó yẹ kí a bi léèrè nípa irin omi tí ó ti dípẹtà lábẹ́ ilẹ̀. Alága lè gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí ẹ̀bá ọjà, ó sì lè tún èyí tí ó bàjẹ́ ṣe. Nítorí náà, bí ó bá ṣe ìlérí kànga, ìbéèrè tiwa ni pé: ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀? Níbo ni owó epo ẹ̀rọ rẹ̀ yóò ti máa wá? Kò sí ẹni tí kò tíì rí kànga ẹ̀rọ tí a fi ìlù àti ijó ṣí, tí ó sì di ibi tí ewúrẹ́ ń sùn kí ọdún tó yípo.

Kí wá ni iṣẹ́ alága gan-an? Ẹni tí ó bá ṣí òfin ọdún 1999 kan náà dé Àfikún Kẹrin yóò rí i ní kíkọ. Ọjà ni, àti ibùdókọ̀, àti odò ẹran tí a ti ń pa màlúù, àti ilé ìyàgbẹ́ gbogbo ènìyàn. Títì àdúgbò ni, àti iná ojú títì, àti gọ́tà. Kíkó ilẹ̀ àti pàǹtí dànù ni. Itẹ́ òkú ni. Fífi orúkọ fún òpópó àti nọ́ńbà fún ilé ni. Kíkọ orúkọ ọmọ tí a bí àti ẹni tí ó kú sínú ìwé ni. Ṣọ́ọ̀bù, ìsọ̀, ilé oúnjẹ àti ilé búrẹ́dì wà lábẹ́ ojú rẹ̀. Ní ti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti ìlera, òfin ní kí ó bá ìjọba ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ sí i.

Ẹ kíyèsí i pé kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí ó jẹ́ ohun ìyangàn. Olùdíje kì í fẹ́ kí a fi àwòrán odò ẹran sí abẹ́ orúkọ rẹ̀. Síbẹ̀, ìwọ̀nyí gan-an ni ó ń pa wá tàbí tí ó ń gbà wá là láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ọmọ tí a kò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé nígbà tí a bí i, ìyà ìwé ẹ̀rí ni yóò jẹ ẹ́ nígbà tí ó bá fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́. Ilé tí kò ní nọ́ńbà, tí òpópó rẹ̀ kò sì ní orúkọ, bí iná bá ń jó o, kí ni a ó sọ fún àwọn panápaná? Ẹran tí a pa láìsí ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò, inú wa náà ni yóò wọ̀.

Àwọn tí ó dàgbà láàrin wa kò tíì gbàgbé wolé-wolé. Òṣìṣẹ́ tí ó wọ aṣọ kakí, tí ó ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé, tí ó ń ṣí ìdérí àmù wò bóyá tanwíji wà nínú omi. Àwọn ìyá wa bẹ̀rù rẹ̀ ju ọlọ́pàá lọ. A bú u, a sì sá fún un. Ṣùgbọ́n àyíká mọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Olùdíje tí ó bá lè dìde láàrin ọjà kí ó sọ pé, "Ẹ̀yin ìyá mi, bí ẹ bá fi mí sípò, n ó dá wolé-wolé padà, ẹ ó sì bínú sí mi," a bẹ̀ yín, ẹ fi etí sílẹ̀ sí ẹni náà. Ẹni tí ó sọ ohun tí a kò fẹ́ gbọ́ nígbà tí ó ń wá ìbò, ó ṣeé ṣe kí ó ṣe iṣẹ́ nígbà tí ó bá dé ibẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ gọ́tà kéré, kí ó bi àwọn ará Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo ilé, ó sì gbé ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò tún rọ̀, omi tún kún, àwọn tí ó kú sì ju 100 lọ. Òjò nìkan kọ́ ni ó pa wọ́n. Ilé tí a kọ́ sí ojú omi, àti pàǹtí tí a dà sí ojú omi, lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Omi kì í gbàgbé ọ̀nà rẹ̀. Ìlú Òṣogbo náà ní odò àti ìṣàn omi káàkiri ìgboro, omi tí ó bá sì ti òkè wá, ìsàlẹ̀ ni yóò lọ. Pàǹtí tí ẹni tí ó wà lókè jù sínú gọ́tà ní alẹ́, ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ ni yóò bá ilẹ̀ mọ́.

Ẹ má sì ṣe rò pé irú ọ̀rọ̀ báyìí rẹlẹ̀ ju ìṣèlú lọ, nítorí nínú rẹ̀ ni ìṣèlú ilẹ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1908, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ fi omi ẹ̀rọ sí Èkó kí àwọn ará ìlú sì máa san owó rẹ̀, Dókítà John Randle àti Dókítà Ọ̀rìṣàdìpẹ̀ Ọbasá kó àwọn ènìyàn jọ láti kọ owó náà, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ni a ń pè ní People's Union. Ní 1916 ni ariwo owó omi tún gba ìlú kan. Àwọn tí ariwo náà kọ́ ní ọgbọ́n ni ó wà nílẹ̀ nígbà tí ìbò àkọ́kọ́ sí ìgbìmọ̀ aṣòfin wáyé ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún 1923, tí ẹgbẹ́ Herbert Macaulay sì kó àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti Èkó. Ọkùnrin tí owó tí ń wọlé fún un tó £100 lọ́dún nìkan ni ó lè dìbò nígbà náà. Àwọn ìyá tí ń pọn omi ọ̀hún kò ní ohùn. Lónìí, ìyá ẹlẹ́ja àti onílé alájà mẹ́ta, ìbò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní. Ẹ jẹ́ kí a rántí èyí kí a tó fi tiwa pààrọ̀ ìrẹsì.

Ìbàdàn tún kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Ní ọdún 1954, Adégòkè Adélabù àti ẹgbẹ́ Máboláje gba ìgbìmọ̀ ìlú Ìbàdàn nínú ìbò, Adélabù sì di alága rẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó orí tí ń pa mẹ̀kúnnù lára ni ó bá wọn sọ, èdè tí wọ́n gbọ́ ni ó fi sọ ọ́, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ dé ojú ikú. Ṣùgbọ́n ní 1955, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde lábẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Nicholson. Ìwádìí náà rí àléébù nínú ọ̀nà tí a gbà ń ná owó ìlú tí a sì gbà ń pín iṣẹ́, ìjọba sì tú ìgbìmọ̀ ìlú náà ká ní 1956. Àwọn ènìyàn Adélabù ní ọ̀tá ìṣèlú ni ó wà nídìí rẹ̀. A kò dá ẹjọ́ náà lónìí. Ohun tí a rí mú níbẹ̀ ni pé ìfẹ́ tí a ní sí ènìyàn kò tó láti dáàbò bò ó. Ìwé ìṣirò tí ó mọ́ ni ó ń dáàbò bo alága àti ẹni tí ó dìbò fún un.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé, sí ohun tí ó dùn wá jù lọ. Òfin orílẹ̀-èdè, ní ìsọ̀rí keje, ní ẹni tí a dìbò yàn ni kí ó máa darí ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2022, a dìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Òṣun, a sì kéde pé ẹgbẹ́ APC ni ó wọlé. Kí ọdún náà tó parí, ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Òṣogbo wọ́gi lé ìbò náà. Ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Nígbà tí oṣù kejì ọdún 2025 fi dé, àwọn tí a kéde ní 2022 ní ìdájọ́ ti dá àwọn padà sórí àga. Ìjọba ìpínlẹ̀ àti ẹgbẹ́ PDP ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní àwọn ọ́físì ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ní ọjọ́ 22, a tún dìbò mìíràn, a sì kéde pé PDP ni ó wọlé.

Alága di méjì lórí àga kan. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn jókòó sílé nítorí ẹ̀mí wọn, ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n sì fi wà nílé. Owó tí ó yẹ kí ó ti Abuja wá fún ìjọba ìbílẹ̀ 30 tí ó wà ní ìpínlẹ̀ náà kò tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò tíì pé ọdún kan sí ìgbà náà, ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, tí ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, láìgba ọwọ́ gómìnà kọjá. Ìdájọ́ dé, inú wa dùn. Ṣùgbọ́n owó kò mọ ẹni tí yóò bá lọ nígbà tí ẹni méjì ń jẹ́ orúkọ kan náà. Bí erin méjì bá ń jà, koríko ni ó ń fara gbá a. Àwa ni koríko náà. Pàǹtí kò bi wá ní ẹgbẹ́ tí a wà kí ó tó rùn.

Nítorí náà, nígbà tí olùdíje mìíràn bá tún dé Òkè Baálẹ̀ pẹ̀lú ìlù rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a dá ìlù náà dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí a sì bi í ní ìbéèrè márùn-ún yìí.

Èkíní: gọ́tà wo ni ìwọ yóò kọ́kọ́ ṣí, ní oṣù wo? A fẹ́ gbọ́ orúkọ òpópó, kí ó sì jẹ́ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Èkejì: níbo ni a ó máa da pàǹtí sí, ta ni yóò máa kó o, ní ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀?

Ẹ̀kẹta: owó tí àwọn ìyá lọ́jà àti àwọn awakọ̀ ní ibùdókọ̀ ń san lójoojúmọ́, èló ni, ta ni ń gbà á, rìsíìtì ta ni wọ́n ń já? Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ oríṣi mẹ́ta láàárọ̀ kan, èwo ni ti ìjọba?

Ẹ̀kẹrin: ìwọ yóò ha lẹ iye owó tí ó wọlé àti iye tí a ná mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́físì lóṣooṣù, ní èdè Yorùbá, kí ẹni tí ó bá mọ̀wé ka fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n?

Ẹ̀karùn-ún: bí ilé ẹjọ́ bá ní ìwọ kọ́ ni o wọlé, ìwọ yóò ha dìde lórí àga láìsí ìjà?

Ẹni tí ó bá dá wa lóhùn pẹ̀lú sùúrù, bí ìdáhùn rẹ̀ kò tilẹ̀ pé, ó tó dìbò fún. Ẹni tí ó bá ní kí àwọn ọmọlẹ́yìn òun máa kọrin lọ kí òun má bàa dáhùn, ìdáhùn rẹ̀ náà nìyẹn.

Ó ku tiwa. Àwọn kan ti sọ ìbò di "dìbò kí o sebẹ̀", wọ́n sì gba owó tí kò tó ra ìkòkò ọbẹ̀ méjì. Ọbẹ̀ náà ti tán, àgbàrá ṣì ń wọlé. Kì í ṣe àwọn olùdíje nìkan ni ó yẹ kí a bá wí. Ẹ̀yin oníṣòwò wa, ọwọ́ wa ni ọ̀rá àti ìgò ń gbà dé inú gọ́tà. Ilé ta ni a kọ́ lé ojú àgbàrá? Ìsọ̀ ta ni ó ti wọ ojú títì? Bí alága rere bá rán òṣìṣẹ́ wá láti ṣí ojú omi, ẹ má jẹ́ kí àwa náà jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sáré lọ bá bàbá ìsàlẹ̀ pé kí ó bá wa bẹ̀bẹ̀.

Lẹ́yìn ìbò, kí a yan ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní àdúgbò, ìyá ọjà kan, awakọ̀ kan, ọ̀dọ́ tí ó mọ ìṣirò kan, kí wọ́n máa lọ bá káńsílọ̀ wọ́ọ̀dù wa lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n sì mú ìwé ìlérí rẹ̀ dání. Ilé rẹ̀ kò jìnnà. Abuja jìnnà, ilé gómìnà ní olùṣọ́. Ṣùgbọ́n káńsílọ̀ ń bá wa ra ẹ̀fọ́ lọ́jà kan náà. Ìdí nìyẹn tí ipò kékeré yìí fi ju ipò ńlá lọ fún ẹni tí ó bá fẹ́ rí ẹni bi.

Òjò ń bọ̀ lọ́dọọdún, ìbò ń bọ̀ ní àsìkò rẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí òjò bá gọ́tà wa ní ṣíṣí, kí ìbò sì bá ojú wa ní ṣíṣí pẹ̀lú. Àmín.